Ta Lẹ Fẹ́ Kó Kà Á?

Orí àkàbà ni mo wà lọ́jọ́ náà, búrọ́ṣì lọ́wọ́ ọ̀tún, agolo ọ̀dà pupa lọ́wọ́ òsì, nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan sọ mí di ohun ìjà. Ràfátù di ẹsẹ̀ àkàbà kan mú, ó ní kí n máa kọ ọ́ lọ. Sàlíú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, di ẹsẹ̀ kejì mú, ó ní kí n sọ̀kalẹ̀ kí òun tó gbọn mí sílẹ̀ bí ọsàn. Wọn kò wo ojú ara wọn rárá. Èmi ni àwọn méjèèjì gbójú sókè wò, bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn.

Gbólóhùn tí Ràfátù ní kí n kọ sára ògiri ilé wọn ní Kpata, ní Lokoja, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní orílẹ̀-èdè yìí: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Mo ti kọ ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE, ó ku ọ̀rọ̀ kan péré, kí Sàlíú tó já wọ agbo ilé pẹ̀lú mọ́tò tó wà bọ̀ láti Àbújá. Mo sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí o. Àkàbà tí mo yá ni, n kò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wà láàbọ̀ lára ògiri. Ẹ̀yin náà ẹ mọ Kpata. Níbi tí Nupe, Igala, Ebira, Hausa àti Yorùbá ti jọ ń ná ọjà kan náà, kò sí ẹni tó máa rí àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò ní bá wọn parí rẹ̀. Ọlọ́kadà kan dúró, ó pariwo pè mí láti òdì kejì títì, ó ní, “Ọga Átíìsì, dis haus nọ bi wẹtin?” Bàbá kan tó ń ta okùn àwọ̀n ka tirẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ó wo òrùlé, ó wo ilẹ̀kùn, ó ní, “Kì í ṣe ilé ni àbí? Ó kúkú jọ ilé lójú tèmi.” Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò tíì ṣe ohun tí àwọn èèyàn kà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Átíìsì tí ọlọ́kadà yẹn pè mí, orúkọ tí gbogbo Lokoja mọ̀ mí sí nìyẹn. Kì í ṣe pé mo mọ àwòrán yà. Ẹṣin tí mo yà nígbà kan, olówó rẹ̀ ló bi mí pé irú ajá wo nìyẹn. Lẹ́tà ni mo ń kọ: sára pátákó ṣọ́ọ̀bù, sára ọkọ̀ akẹ́rù, sára ọkọ̀ ojú omi, sára ògiri. Ọmọ Kàbbà nílẹ̀ Okun ni mí, Karaworo ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Kpata. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, ó sì fẹ́ kí èmi náà jókòó sí ọ́fíìsì kí n máa kọ̀wé. Ìwé náà ni mò ń kọ títí di òní. Ìjókòó ni n kò rí.

Ọwọ́ ọkùnrin kan tí à ń pè ní Baba Pátákó ni mo ti kọ́ṣẹ́. Kò fún mi ní búrọ́ṣì nígbà tí mo dé. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi ẹ̀bu ṣọ́ọ̀kì pa ló fún mi. A ó fà á gan-an láti ìkángun kan sí ìkejì, a ó fi ìka ta á lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fi ìlà funfun gígùn sílẹ̀ lára ògiri. Orí ìlà yẹn ni gbogbo lẹ́tà yóò dúró lé. Ọ̀gá mi ní lẹ́tà tí kò bá ní ìlà lábẹ́, ọ̀mùtí ni. Àlàfo tó máa ń wà láàrin ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, èémí ló ń pè é. Bí mo bá fún lẹ́tà pọ̀ jù, á gbá mi ní orí ọwọ́ pẹ́ẹ́pẹ́, á ní, “Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mí! Ṣé o fẹ́ kó kú sí mi lọ́rùn ni?”

Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ jù kì í ṣe búrọ́ṣì. Ìbéèrè ni. Bí oníbàárà bá dé, tó ti sọ ohun tó fẹ́ kí a kọ, ọ̀gá mi kò ní mú ṣọ́ọ̀kì. Á wò ó, á ní, “Ta lẹ fẹ́ kó kà á?” Inú a máa bí àwọn mìíràn. Wọ́n á ní gbogbo ayé ni àwọn fẹ́ kó kà á. Á ní, “Gbogbo ayé ò gbé Lokoja. Ẹ dárúkọ ẹnì kan fún mi.”

Mo rántí ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ nítòsí gáréèjì. Ó wá pé kí a kọ ọ́ sára ògiri òun pé ẹni tó bá tọ̀ síbẹ̀ yóò rí pípọ́n ojú òun. Ọ̀gá mi bi í ní ìbéèrè rẹ̀. Ó ní àwọn awakọ̀ ni.

Ọ̀gá mi ní, “Ṣé wọn ò tíì rí pípọ́n ojú yín rí?”

“Wọ́n ń rí i lójoojúmọ́.”

“Wọ́n ṣì ń tọ̀?”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ohun tí a bá a kọ níkẹyìn nìyí: Ẹ KÚ ÌRÌN O, Ẹ̀YIN AWAKỌ̀. ILÉ ÌTỌ̀ WÀ LẸ́YÌN. Ẹ̀KỌ TÍ Ẹ Ń JẸ, IBÍ NI À Ń SÈ É SÍ. Ògiri náà gbẹ.

Aránṣọ kan náà wà tó ní kí a bá òun kọ pátákó kékeré kan tí òun yóò máa fi kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn bí òun bá jáde díẹ̀: MO Ń BỌ̀. Pátákó yẹn kò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́ láti ìgbà náà. Ó lọ sí Ọ̀kẹ́nẹ̀, ó kọ́ ọ. Ó lọ ṣe ìnáwó ní ìlú wọn, ó kọ́ ọ. Ó sùn sílé, ó kọ́ ọ. Ọ̀gá mi ní nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ti ṣe, òun nìkan ló yé gbogbo ìlú láìsí àníyàn: bí wọ́n bá ti rí MO Ń BỌ̀, wọ́n mọ̀ pé ó ti lọ.

Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ọ̀gá mi ń rí. Ẹni tó bá ń kọ nǹkan sára ògiri, ọ̀rọ̀ kan wà níkùn rẹ̀ tí kò lè fẹnu sọ fún ẹnì kan. Gbólóhùn Ràfátù yẹn ló sì burú jù nínú gbogbo wọn. Ta ni kò mọ̀? A kì í kọ ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ sára ilé tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ tà. Ọjọ́ tí o bá rí i lára ilé kan, o mọ̀ pé ìjà ti wà nínú ilé. Àwọn éjẹ́ńtì tó ń bá ènìyàn ta ilé àti ilẹ̀ mọ̀ ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá kà á, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé, “Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé yìí ti ṣe tán. Ẹ wá a kàn.”

Ọ̀gá mi ti di olóògbé nígbà tí Ràfátù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé sára flẹ́ẹ̀sì, ọ̀rá fífẹ̀ tí wọ́n ń gbé kọ́ bíi pátákó, ti gba iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ wa nígbà náà, torí náà mo dìde kí i bí ẹni ń kí ìyàwó ọba. Ẹja gbígbẹ ló ń tà lọ́jà, mo sì ti ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Àlàájà Mọ́ríámọ̀, ìyá wọn, ń gbé ilé tí bàbá bàbá ọkọ rẹ̀ kọ́ nígbà tó kó aṣọ títà wá láti Ìlọrin. Ilé náà kò jìnnà sí Odò Ọya, bí òjò bá sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, odò á wá kí wọn nínú yàrá. Ní òjò tó kọjá, ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọn Màmá dé inú ọkọ̀ ojú omi. Sàlíú, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, kò lè gbàgbé ìyẹn. Ó ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún Màmá nílé rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn èèyàn sì ti ń sọ̀rọ̀ èbúté ọkọ̀ tí wọn ń ṣe létí odò, éjẹ́ńtì ń rọ́ lọ rọ́ bọ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Sàlíú ní kí wọ́n ta ilé. Màmá ní òun kò lọ sí Àbújá kankan.

Mo bi Ràfátù pé, “Àǹtí, ṣé ẹ ti sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ẹ ò fẹ́?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló rán mi níléèwé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wò ó lójú kí n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò dáa?”

“Ta wá lẹ fẹ́ kó ka èyí tí mo fẹ́ kọ?”

“Àwọn éjẹ́ńtì ni.”

“Àwọn éjẹ́ńtì nìkan?”

Ó ní kí n gbájú mọ́ ọ̀dà mi.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, n kò tilẹ̀ lo okùn ṣọ́ọ̀kì. Omi tó wọlé lọ́jọ́sí ti fi ìlà àwọ̀ ilẹ̀ yí gbogbo ara ògiri ká, ó tọ́, ó sì dọ́gba jálẹ̀jálẹ̀. Baba Pátákó gan-an kò lè fa irú rẹ̀. Mo gbé lẹ́tà mi lé orí ìlà odò, mo sì ń yin odò lọ́kàn mi, kó tó di pé Sàlíú dé.

Ó ka ohun tí mo ti kọ, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tó kù. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Ràfátù, ṣé èmi lo ń kéde fún ìlú pé mo fẹ́ jí ilé bàbá wa tà?”

“N ò dárúkọ yín, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé ó dìgbà tí o bá dárúkọ mi? Ọmọ mélòó ni Màmá bí?”

“Àwa méjì.”

“Ó dáa. Ṣé ìwọ lo fẹ́ tà á?”

Ràfátù bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ wé. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ búrọ́ṣì tí n kò tíì lò. Sàlíú wọ mọ́tò rẹ̀ padà. Kó tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní títí ọ̀rọ̀ yẹn fi wà lára ògiri, òun kò ní tẹ agbo ilé náà mọ́. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó dùn ún ni, ẹnikẹ́ni tó bá létí á mọ̀ pé ó dùn ún. Kò tilẹ̀ wọlé kí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn fèrèsé tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti kọ nǹkan tó fani mọ́ra, mo ti kọ nǹkan tó pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ọ̀dà lé ọmọ kúrò nílé ìyá rẹ̀ rí.

Kò pẹ́ sígbà náà, Màmá ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, búútà àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin tín-ínrín ni, ojú rẹ̀ sì mú.

“Okun o,” ló fi kí mi. “Ṣé bí ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn ṣe ń kíra yín nìyẹn?”

“Okun o, Màmá. Ẹ kú ìjókòó.”

“Kai, ọmọ Okun. Ìwọ lo kọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ sí mi lára.”

“Sára ògiri ni, Màmá.”

“Ta ló ti ya èmi àti ògiri yìí sọ́tọ̀? Kà á fún mi kí n gbọ́.”

Màmá ka kéwú yanjú, àmọ́ kò ka ABD. Mo kà á fún un: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE. Mo rò pé yóò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀ kíá.

“Kò purọ́,” ó ní. “Ilé tí ọmọ mi ò lè wọ̀, kì í ṣe ilé.”

Mo gbìyànjú láti tù ú nínú. Mo ní n óò fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí n pa á rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí n kọ òmíràn lé e, torí àwọn éjẹ́ńtì kò tíì dẹ̀yìn lẹ́yìn ilé òun, òun kò sì lọ síbì kankan. Mo bi í léèrè, gẹ́gẹ́ bí ìṣe iṣẹ́ wa, “Màmá, ta lẹ fẹ́ kó kà á?”

“Sàlíú ni. Ta tún ni?”

Nínú gbogbo oníbàárà mi, òun nìkan ló dáhùn láìronú. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ó ní, “Nígbà tó wà ní kékeré, bó bá ti ilé kéwú dé, láti ojú ọ̀nà ló ti máa pariwo: ‘Ṣé Màmá wà nílé?’ Bí wọ́n bá ní rárá, wàláhì, kò ní wọlé. Á jókòó síta pẹ̀lú ebi títí n óò fi ti ọjà dé. Kọ èsì rẹ̀ síbẹ̀ fún un.”

“Kí ni kí n kọ, Màmá?”

“Ṣebí o gbọ́ ìbéèrè ọmọ. MÀMÁ WÀ NÍLÉ.”

Mo ní ṣé kí n fi Ẹ KÁÀBỌ̀ kún un, torí ògiri náà gùn, àyè sì pọ̀. Ó bi mí bóyá ilé ìtura ni mo rò pé òun ń ṣí.

Mo pa ti pupa rẹ́. Mo fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kọ tuntun, mo fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní èémí tó tó, mo sì fi òjìji sí ẹ̀yìn lẹ́tà, ìyẹn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń mú kí lẹ́tà dà bí ohun tó dìde dúró. Ràfátù ti ọjà dé, ó wò ó títí.

“Kò sọ pé kì í ṣe títà,” ó ní.

“Kò sọ ọ́.”

“Kí ni yóò wá lé àwọn éjẹ́ńtì?”

Kò sóhun tó lé wọn. Wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe ń wá tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ka pé màmá wà nílé, tó sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, kò lè máa fi ẹsẹ̀ wọn ògiri kiri láìwọlé kí i. Bó bá sì wọlé, Màmá á fún un ní ẹní, á bu kúnú fún un, á bi í pé ọmọ ta ni ní ìlú wo, á wádìí ìlera ìyá rẹ̀. Ẹni tó ti mu kúnú àgbàlagbà, tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á bá a kí ìyá òun, níbo ló ti fẹ́ rójú fa tépù yọ lápò? Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé iṣẹ́ lòun bá lọ síbẹ̀, àdúrà lòun gbà bọ̀. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Èmi ti fi àbọ̀ tèmi da ilé rú. Ti Màmá ló rí inú ọmọlúàbí wọ̀.

Nígbà tí ọdún Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, mo wà níwájú ilé náà, mò ń díbọ́n bí ẹni ń yẹ ọ̀dà wò, nígbà tí mọ́tò Sàlíú dúró síta. Ràfátù ló ránṣẹ́ sí i pé ọ̀rọ̀ àná ti kúrò lára ògiri. Kò sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Sàlíú sọ̀kalẹ̀, ó dúró, ó kà á. Ó ṣí fìlà, ó tún dé e. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kò sì wọlé. Ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tó ní ìránṣẹ́ lọ́fíìsì, ó dúró síbẹ̀, ó gbé ohùn sókè.

“Ṣé Màmá wà nílé?”

Ohùn Màmá jáde láti inú ilé. “Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Ṣebí wọ́n kọ ọ́ síta!”

Mo kó agolo mi, mo lọ sílé. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ nínú ilé kò kàn mí. Ohun tí mo rí lẹ́yìn ìgbà náà ni pé Sàlíú kó bíríkì àti sìmẹ́ǹtì dé, ó sì kọ́ yàrá kan sókè lẹ́yìn ilé fún ìyá rẹ̀, kí odò, bó bá dé, lè máa bá tirẹ̀ lọ nísàlẹ̀. Láti ìgbà náà, bí omi bá wá tó lọ, wọ́n á pè mí kí n tún lẹ́tà ṣe. Màmá á jókòó sí òkè, á máa wò mí, á ní òun rò pé lẹ́tà ìkejì wọ́. Kò mọ lẹ́tà ìkejì yàtọ̀ sí ìkẹta, àmọ́ màá tún un ṣe.

Màmá dágbére fún ayé nínú yàrá òkè yẹn, bó ṣe fẹ́. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Sàlíú wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti mọ ohun tó bá wá, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀. Mo ti ń fi igi ro ọ̀dà funfun.

“Átíìsì, omi ti jẹ lẹ́tà mélòó kan lára ògiri. Bá mi tún un kọ.”

Mo dúró pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ó ṣòro fún mi láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́.

“Alhaji, ẹ forí jì mí. Ta lẹ fẹ́ kó kà á?”

Ó wo agolo funfun tó wà níwájú mi.

“Èmi ni,” ó ní.

Mo dé agolo funfun, mo mú ti àwọ̀ ewé. Nígbà tí mo gbé àkàbà ti ògiri, Sàlíú di ẹsẹ̀ kan mú. Ràfátù jáde láti inú ilé, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó sì di ẹsẹ̀ kejì mú. Mo gùn ún, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó ní kí n sọ̀kalẹ̀.